Máńgà Spice and Wolf já mi kulẹ̀: ṣé kí n ṣì máa rà á lọ?

AlájàpáÌdúmọ̀tà:

Ẹ̀yin òǹkàwé ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síbí nítorí pé kò sí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa tí kò ní bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé Spice and Wolf tí Isuna Hasekura kọ mọ̀ pé kì í ṣe ìtàn ogun, kì í sì í ṣe ìtàn oṣó àti àjẹ́. Ìtàn alájàpá kan ni, Lawrence, ọmọ ọdún 25, tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó ẹrù láti ìlú dé ìlú, tí ó sì ṣàdédé bá ìkookò ọlọ́gbọ́n kan tí ń jẹ́ Holo nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ẹni tí ó gbé àwọ̀ ọmọdébìnrin wọ̀ ṣùgbọ́n tí etí àti ìrù rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹranko. Àwọn méjèèjì jọ forí lé ọ̀nà àríwá, níbi tí ìlú Holo wà, wọ́n sì ń ṣòwò bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Japan ní ọdún 2006, ìtàn náà pé ìdìpọ̀ 17 ní 2011, òǹkọ̀wé sì tún padà sí i ní 2016. Èyí tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èmi kà.

Ohun tí ó dè mí mọ́ ìwé náà kì í ṣe ìfẹ́ tí ń bẹ láàárín àwọn méjèèjì, bí ó tilẹ̀ dùn. Òwò inú rẹ̀ ni. Inú ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni wọ́n ti tọ́ mi, láàárín Balógun sí Ìdúmọ̀tà, mo sì mọ bí ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń ṣírò iye tí yóò ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó alábàárù, owó ọkọ̀ àti gbèsè ọ̀gá tí ó gbé ọjà sílẹ̀ fún un. N kò tíì rí ìwé mìíràn, yálà láti Japan ni o tàbí láti ibòmíràn, tí ó kọ ìṣirò abẹ́nú yẹn sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìdìpọ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Zheren wá bá Lawrence, ó ní òun mọ àṣírí owó fàdákà kan tí wọn yóò tún rọ, pé fàdákà inú rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, èrè yóò sì wà fún ẹni tí ó bá tètè mọ̀. Lawrence fura. Holo mọ̀ pé ọmọkùnrin náà ń purọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ń pa irú irọ́ yìí fẹ́ rí jẹ nínú rẹ̀? Ní ìlú Pazzio, Holo fi etí ìkookò rẹ̀ gbọ́ ìró owó náà lọ́dọ̀ onípàṣípààrọ̀ owó, ó sì hàn pé ńṣe ni fàdákà inú rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Owó tí iye rẹ̀ ń bọ̀ wá já ni wọ́n ń rọ ènìyàn pé kí ó máa kó jọ. Láti ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti mú wa rìn ín ní ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí a fi rí i pé ilé òwò ńlá kan ń bẹ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, tí ó fẹ́ kó owó àtijọ́ jọ kí ó lè fi bá ọba tí àpò rẹ̀ ti gbẹ dúnàá-dúrà, kí ọba sì fi àǹfààní òwò san án padà fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti yí àwọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà padà, tí owó bébà wọ́n bí imí eégún ní gbogbo Èkó, tí àwọn kan sì ń ta owó fún ènìyàn lẹ́bàá ọ̀nà, ìdìpọ̀ yẹn ni mo tún gbé kà, ó sì dá mi lójú pé ẹni tí ó kọ ọ́ mọ ohun tí owó jẹ́.

Nígbà tí mo wá gbọ́ pé máńgà rẹ̀ wà, ìyẹn ìtàn tí àwọn ará Japan ń fi àwòrán sọ, inú mi dùn gan-an. Keito Koume ni ó yà á. Inú ìwé ìròyìn Dengeki Maoh ni ó ti ń jáde láti ọdún 2007 títí di 2017, ó sì pé ìdìpọ̀ 16. Mo ra díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọwọ́ ayàwòrán náà dán, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àwọn ojú pópó rẹ̀ kún fún ènìyàn, ẹṣin rẹ̀ dúró bí ẹṣin ṣe ń dúró. Ṣùgbọ́n ìṣirò ti pòórá. Níbi tí ìwé ti fi ọ̀pọ̀ ojú ewé sọ bí Lawrence ṣe ń ro ọ̀rọ̀ owó fàdákà yẹn síwá sẹ́yìn, tí ó ń gbé èrò kan kalẹ̀ tí ó sì tún ń wó o fúnra rẹ̀, máńgà sáré kọjá: ọkùnrin náà ronú, ojú rẹ̀ là, ó ti mọ àṣírí. Èmi òǹkàwé kò bá a mọ̀ ọ́n, wọ́n kàn sọ fún mi pé ó ti mọ̀ ọ́n ni. Ó sì tún ku ọ̀kan: ayàwòrán kì í jẹ́ kí aṣọ pẹ́ lára Holo. Òótọ́ ni pé ìhòòhò ni Lawrence bá a nínú ìwé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìwé sọ ọ́, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Máńgà dúró síbẹ̀, ó ń wò.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé bí yóò ṣe rí títí dé òpin nìyẹn, àbí ó ń sàn bí ó ti ń lọ? Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, ìwé tí ó ń ti òkè òkun bọ̀ ti di ohun tí ènìyàn ń fẹ̀sọ̀ rà, n kò sì fẹ́ máa fi owó ọjà ra ohun tí yóò máa bí mi nínú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì lè ṣàlàyé fún mi ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, inú mi yóò dùn.

ÒǹkàwéYàbá:

Má rà á mọ́, àbúrò. Mo kà á jìnnà jù ọ́ lọ, kò sì sí ibi tí ó ti yí padà tó láti wo ohun tí ó ń dùn ọ́ sàn. Àwòrán ń dára sí i, òwò kò pọ̀ sí i. Fi owó náà ra èyí tí ó kù nínú ìwé, pàápàá bí o kò bá tíì dé ìdìpọ̀ 5, níbi tí wọ́n ti pàdé oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Eve ní ìlú Lenos, tí Lawrence sì fi Holo dúró gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò kí ó lè rí owó yá láti fi ra awọ onírun. Ẹni tí ó bá ka èyí tán tí kò gbé ìwé náà sílẹ̀ láti mí kanlẹ̀, ọkàn onítọ̀hún le.

AyàwòránSùúrùlérè:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dá ẹjọ́ náà tán kí ẹ tó gbọ́ tẹnu ẹni tí ń fi ìlà àti yíǹkì jẹun. Èmi náà ka ìwé àti máńgà, mo sì gbà pé ìṣirò inú rẹ̀ dín kù. Ohun tí n kò gbà ni pé kí a máa sọ ọ́ bí ẹni pé àìmọ̀kan ni ó fà á.

Oṣooṣù ni ìwé ìròyìn tí máńgà yìí wà nínú rẹ̀ ń jáde. Ẹni tí ó ka apá ti oṣù yìí yóò dúró di oṣù tí ń bọ̀ kí ó tó ka èyí tí ó tẹ̀ lé e, ní àárín ìgbà yẹn ó ti ka ìtàn àwọn ẹlòmíràn, ó ti ṣiṣẹ́, ó ti sùn. Bí o bá gbé ìṣirò kan kalẹ̀ lóṣù kìíní tí o sì fẹ́ parí rẹ̀ lóṣù kẹta, òǹkàwé yóò ti gbàgbé iye fàdákà tí o fi bẹ̀rẹ̀. Ojú tí ó kún fún ẹ̀rù kò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá tún rí i ni yóò yé e. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ya ìtàn oṣooṣù fi máa ń sá tọ ojú lọ. Lẹ́yìn èyí, ojú ewé kan kì í sábà gba ju àpótí àwòrán márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ kí ó tó di rúdurùdu, bí o bá sì kó ọ̀rọ̀ kún àyè tí ọ̀rọ̀ ẹnu ń gbé, kò sí ẹni tí yóò tún wo àwòrán rẹ. Èmi fúnra mi ti gba irú ìwé àfọwọ́kọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, ọ̀rọ̀ tí ó tó oyè ọ̀mọ̀wé, tí ó ní kí n fún gbogbo rẹ̀ mọ́ ojú ewé kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo ti gbè sẹ́yìn AlájàpáÌdúmọ̀tà. Ìwé náà kò wá lófìfo láti ilẹ̀. Jyuu Ayakura ti ya Holo àti Lawrence sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo òǹkàwé sì ti mọ ojú wọn. Nítorí náà, ohun tí máńgà ní láti fún wa kì í ṣe ojú tí a ti mọ̀. Ohun tí ìwé kò yà ni: òṣùwọ̀n onípàṣípààrọ̀ owó, ìka rẹ̀ tí ó ti dúdú nítorí owó, ìwé ìṣirò gbèsè, owó fàdákà méjì tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kan ti àná, ọ̀kan ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ èmi, n ó ya tábìlì kan, n ó sì máa padà sí tábìlì yẹn lóṣooṣù. Nígbàkigbà tí Lawrence bá ro èrò tuntun, owó orí tábìlì yóò yí ipò padà, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Òǹkàwé tí ó bá fẹ́ ṣírò yóò ṣírò, ẹni tí kò bá fẹ́ yóò rí i pé owó ń rìn. Ohun tí a lè yà ni ìṣirò. Wọn kò kàn yàn án ni.

Ní ti ìhòòhò, n kò ní ohun púpọ̀ láti sọ. Wọ́n mọ irú àwọn tí ń ra ìwé ìròyìn wọn, wọ́n sì ń tà fún wọn.

Ìyá Oníléèsì:

Ọmọ mi Alájàpá, o kú iṣẹ́, àwọn tí ó dáhùn náà kú iṣẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ọ́ tìfuratìfura ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, nítorí èmi náà ń ka ìwé yìí lórí fóònù láàárín ìgbà tí oníbàárà bá dá, a kò sì jìnnà síra wa. Léèsì ni mo ń tà, ní Balógun. Ọmọ mi obìnrin ni ó fi hàn mí. Ó rò pé n kò ní lè kà á kọjá orí kìíní.

Ọ̀rọ̀ owó fàdákà tí o sọ dára, ṣùgbọ́n ìdìpọ̀ kejì ni ó mú mi. Lawrence gbé ata lọ tà ní Poroson, ẹni tí ó fẹ́ rà á sì ti dọ́gbọ́n sí òṣùwọ̀n kí ata lè fúyẹ́. Holo rí i, Lawrence sì fi àṣírí náà di ọkùnrin náà mú, ó ní kí ó ta ìhámọ́ra fún òun ní ìlọ́po méjì owó tí òun ní lọ́wọ́, kí ìyókù jẹ́ àwìn. Ẹ wò ó, gbogbo wa tí a ń ṣòwò ni ọwọ́ wa ti yá níbí yìí. Ó jàre, ó jèrè, ó sì fi èrè tí kò tíì rí ra ọjà. Ó dé Ruvinheigen, ó gbọ́ pé ìrìn-àjò ogun sí àríwá tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún kò ní wáyé mọ́, ìhámọ́ra kò sì ní ẹni tí ń bèèrè rẹ̀. Ìwé gbèsè rẹ̀ sì ti bọ́ sọ́wọ́ ilé òwò mìíràn tí ìdààmú tirẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè ní sùúrù.

Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí ni ó jẹ́ kí n gbà pé ènìyàn tí ó mọ ọjà ni ó kọ ọ́. Lawrence bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn kiri ìlú láti yá owó. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe wọlé-wọ̀de ń fi ẹ̀rín gbà á lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ohun tí ó bá wá, ẹ̀rín náà a kú; àwọn kan a wo ọmọbìnrin tí ó dúró tì í, wọ́n a ní ẹni tí ó wá tọrọ owó tí ó sì mú obìnrin lẹ́yìn kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ó wá kan ibi tí ó ti gbá ọwọ́ Holo dànù. Ìṣirò ni ó fa gbígbá ọwọ́ yẹn. Ìwé ti jẹ́ kí a mọ iye gbèsè, iye ọjọ́ tí ó kù, iye ìlẹ̀kùn tí ó ti tì, nítorí náà nígbà tí ọwọ́ náà lọ, a mọ ohun tí ó gbé e lọ. Bí o bá yọ iye wọ̀nyẹn kúrò, ohun tí yóò kù ni ọkùnrin kan tí inú ń bí sí obìnrin rẹ̀, irú rẹ̀ sì pọ̀ nílẹ̀, a kò nílò ìkookò kankan láti rí i. Ibẹ̀ ni máńgà ti já èmi náà kulẹ̀. Ó ya ìbànújẹ́ Lawrence dáadáa, ṣùgbọ́n n kò mọ iye tí ìbànújẹ́ náà jẹ́.

AyàwòránSùúrùlérè, mo gbọ́ tẹnu yín nípa tábìlì, ó sì wù mí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín. Èkó yìí kan náà ti rí ọ̀ràn owó tí ó jọ ti inú ìwé yẹn: ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò láti Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó owó ẹyọ láti Zanzibar wá síbí, wọ́n ń fi ra epo pupa, owó ẹyọ sì pọ̀ títí iye rẹ̀ fi wálẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn kó o jọ. Bí ẹ bá fẹ́ ya ìtàn yìí, ẹ ó ya òkìtì owó ẹyọ, yóò sì kún ojú. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ń wò ó, òkìtì tí ó ga ọlá ni. Báwo ni ẹ ó ṣe yà á tí a ó fi mọ̀ pé bí ó ti ń ga sí i ni olówó rẹ̀ ń tòṣì sí i?

AyàwòránSùúrùlérè:

Ẹ kú ọjà, mà. Ìbéèrè yín le, ó sì dára. N ó ya obìnrin kan tí ń ra iṣu. Àpótí àkọ́kọ́, igbá owó ẹyọ kan, iṣu mẹ́ta. Ojú ewé mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan náà, igbá mẹ́ta, iṣu kan. N kò ní kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Òkìtì yẹn yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò máa ga lọ. Àwòrán kan ṣoṣo kò lè sọ iye, òótọ́ ni. Àwòrán méjì tí a fi wé ara wọn lè sọ ọ́. Ohun tí mo ń sọ nípa máńgà yìí náà nìyẹn, wọn kò fi nǹkan wé nǹkan tó.

AlájàpáÌdúmọ̀tà:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá Oníléèsì, ẹ ti bá mi sọ ohun tí n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Bí mo ti ń ka máńgà náà, mo mọ̀ pé nǹkan kan kò wúwo bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n mo rò pé nítorí pé mo ti mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n ayàwòrán, mo fẹ́ bá yín jiyàn díẹ̀. Ẹ ní àyè kò sí, ẹ ní ojú ewé kì í gba ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n máńgà yìí kò há ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ ìwé mọ́ ìdìpọ̀ kan. Ó tẹ́ ẹ gbalaja sórí ju ẹyọ kan lọ. Àyè tí wọ́n ní pọ̀. Wọ́n fi ojú ewé odindi ya Holo tí ń jẹ èso ápù, tí ó ń na ara, tí ó ń tún ìrù rẹ̀ ṣe. N kò bínú sí èso ápù. Nínú ìwé, òórùn ápù ni Holo fi jẹ́ kí awọ onírun tí Lawrence gbé wá tà níye lórí sí i, ọ̀nà tí ó sì gbà bá olùrà sọ ọ́ jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín jù lọ. Ápù yẹn jẹ́ ọjà. Nínú máńgà, mo rí ẹnu tí ń jẹ ápù ju bí mo ti rí ápù tí ń pa owó lọ. Nítorí náà, n kò rò pé àyè ni ó wọ́n wọn. Ẹni tí ó ní ilé ńlá tí kò sì fi yàrá kankan ṣe ibi ìkẹ́rùsí, a kò lè sọ pé ilé rẹ̀ kéré.

AyàwòránSùúrùlérè:

Àyè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ya àwòrán nìkan kọ́ ni ó ń pín àyè nídìí iṣẹ́ yìí. Olóòtú wà, ó sì mọ̀ pé apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò mú kí òǹkàwé ra ti oṣù tí ń bọ̀. Holo ni ènìyàn fẹ́ràn. Bí apá kan bá jáde tí Holo kò sí nínú rẹ̀, tí ó kún fún àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n tí ń sọ̀rọ̀ nípa owó orí ẹrù, wọ́n á bi ayàwòrán léèrè. Ìwé kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí pé ẹni tí ó ti ra ìdìpọ̀ kan ti sanwó fún gbogbo ojú ewé inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò ní kí o fi èyí dárí jì wọ́n o.

ÒǹkàwéYàbá:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, nítorí pé mo ti ń retí kí ẹnikẹ́ni dárúkọ eré sinimá aláwòrán rẹ̀. Èyí tí ó jáde ní 2008 yí ìtàn padà ju máńgà lọ. Ẹnìkan wà nínú ìwé tí ń jẹ́ Yarei, àgbẹ̀ ará abúlé Pasloe, ọ̀rẹ́ Lawrence, tí ó padà di ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá. Eré náà yọ ọ́ kúrò, ó fi ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Chloe rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìwé náà kérora nígbà náà, mo sì mọ ìdí wọn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó fàdákà dúró ṣinṣin nínú rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí Lawrence jókòó kí ó ṣàlàyé, Holo bi í léèrè, ó tún un ṣe, àwa tí ń wò ó sì ń bá wọn lọ. Ohùn ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́: ènìyàn lè máa sọ̀rọ̀ gígùn lórí eré bí ẹṣin ti ń rìn, kò sì ní gba àyè kankan lójú àwòrán.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé máńgà kò dára nítorí pé kò tẹ̀ lé ìwé, n kò ní gbà. Ó tẹ̀ lé ìwé. Ó tẹ̀ lé ibi tí wọ́n lọ, ẹni tí wọ́n bá pàdé, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ni ìdí tí ohun kọ̀ọ̀kan fi ṣẹlẹ̀. Eré ti 2008 pa ènìyàn kan rẹ́ pátápátá, ó sì pa ìdí mọ́. Èmi yan ti eré náà. Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní 2024, apá 25 ni, ó gba ìdìpọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n sì ti dá Yarei padà sí àyè rẹ̀. Ẹ wá a wò, pàápàá apá tí ó kẹ́yìn, níbi tí Lawrence àti ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́ja tí ń jẹ́ Amati ti ń fi òkúta tí ń dán bíi wúrà bá ara wọn jà ní ọjà Kumersun. Wọ́n ń ta ohun tí kò tíì sí lọ́wọ́ wọn, iye ń gòkè, gbogbo ọjà ń pariwo. Ìyá Oníléèsì, èyí yóò bá yín lára mu.

Ìyá Oníléèsì:

Mo ti ka ti Amati nínú ìwé. Ọmọ yẹn kò tíì jẹ gbèsè rí, ó hàn nínú bí ó ṣe ń rà. N ó wá eré náà wò lọ́jọ́ Sunday.

Ọmọ mi Alájàpá, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o dáwọ́ dúró. Kì í ṣe pé máńgà náà kò ní ẹni tí yóò gbádùn rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin gbádùn rẹ̀, ó ní àwòrán Holo tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀, n kò sì ní ẹjọ́ pẹ̀lú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí Holo orí ògiri bá ti wọṣọ. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ ohun tí ò ń wá, kò sì sí lórí àtẹ yẹn.

AlájàpáÌdúmọ̀tà:

Ẹ ṣeun, mà. Mo ti dáwọ́ dúró. Àwọn ìdìpọ̀ máńgà tí mo ti rà wà nílẹ̀, wọ́n mọ́ tónítóní, n kò ká ojú ewé kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìdìpọ̀ 6 tàbí 7 ti ìwé, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí a jọ ṣe pàṣípààrọ̀: máńgà méjì sí ìwé kan. Mo lè pàdé onítọ̀hún ní Yàbá tàbí ní Máríná.

AyàwòránSùúrùlérè:

Mo ní ìdìpọ̀ 6. Mo fẹ́ máńgà náà, mo fẹ́ wo bí ó ṣe ń ya ojú pópó àti ẹṣin. Ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ ni o fi sọ pé ìṣirò kò sí nínú wọn, àbúrò, nítorí náà méjì sí ọ̀kan kò ṣeé ṣe. Mú mẹ́ta wá.

AlájàpáÌdúmọ̀tà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ara yín náà ni ẹ fi sọ pé kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó fà á. Méjì ni, n ó sì san owó ọkọ̀ yín dé Yàbá.